Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ni A Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ àti èmi jọ jẹ́ ọmọ agbo-ilé kan náà wá kí mi nílé. Kò tíì pẹ́ tó bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀, ó sì ń wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni tó dé orítamẹ́ta tí kò mọ èyí tí yóò tọ̀. Nígbà tó kúnlẹ̀ kí mi tán, tó sì mu omi tí mo bù fún un, ó ní, "Ìyá, iṣẹ́ tí ẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì ni ó wu èmi náà láti ṣe, nítorí mo fẹ́ràn ọmọdé púpọ̀." Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú; ṣùgbọ́n láti ọdún 1978 tí mo wọ iṣẹ́ ìjọba títí di ọdún 2013 tí mo fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, mo sì ti rí i pé àwọn tí kò ní ju èyí lọ nínú ni ó máa ń tètè di ẹrù wọn.

Mo wá wí fún un pé ìfẹ́ ọmọdé kò ṣòro, nítorí ta ni kì í fẹ́ràn ọmọ? Ẹ̀rín ọmọdé a máa yọ́ ọkàn tó le bí òkúta. Ṣùgbọ́n ọmọ kò já bọ́ láti ojú ọ̀run; ọmọ a máa ní ìyá, a máa ní bàbá, a máa ní ilé tó ti wá, bí ilé náà tilẹ̀ ti ń wó. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ, tí kò sì lè jókòó ti ìyá rẹ̀ fún wákàtí méjì, tí kò lè gbọ́ ti bàbá rẹ̀ àfi kó máa bá a wí, tí eékún rẹ̀ sì yi débi pé kò lè kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé ilé tí ọmọ náà ti jáde, iṣẹ́ mìíràn ni kó lọ wá ṣe, nítorí ilé ni à ń tún ṣe nínú iṣẹ́ yìí kí ọmọ tó rí ibi dúró sí.

Nínú ìwé ìjọba, òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ni orúkọ wa. Àwọn ará Ìbàdàn, ìlú Olúyọ̀lé, kò ráyè orúkọ gígùn bẹ́ẹ̀; "Wẹ́fíà" ni wọ́n ń pe ọ́fíìsì wa, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń pe àwa tí ń bẹ nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí tọkọtaya bá ń jà ní Bẹẹrẹ tàbí ní Ìnàléndé, ẹ ó gbọ́ tí ìyàwó ń pariwo pé, "Ó dọ̀la ní Wẹ́fíà!" Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, yóò dé lóòótọ́, yóò jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àwọn mìíràn ti ṣáájú rẹ̀ dé: ìyá tí ọkọ rẹ̀ ti gbàgbé pé ọmọ a máa jẹun, ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ sá lọ, ìyá àgbà tí ọmọ-ọmọ márùn-ún wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọjà rẹ̀ kò sì ju igbá ata kan lọ, ọmọ ọ̀dọ̀ tí àpá ẹgba kún ẹ̀yìn rẹ̀, ọlọ́pàá tó gbé ọmọ jòjòló tí wọ́n rí lẹ́bàá ààtàn dání. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì yẹn wọlé, n kò sì bá a lófìfo rí ní ọjọ́ iṣẹ́ kan.

Ní ọdún kejì tí mo dé ẹnu iṣẹ́, àwọn ọlọ́pàá mú ọmọkùnrin kan wá láti ibùdókọ̀ rélùwéè ní Dùgbẹ̀. Ọmọ náà kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni ó fi sùn, tó fi jí, tó sì jẹun lọ́dọ̀ wa láìsọ̀rọ̀. Mo mú fọ́ọ̀mù wa, mo bi í bí wọ́n ṣe kọ́ mi pé kí n máa bi ọmọ: kí ni orúkọ rẹ, ta ni bàbá rẹ, àdúgbò wo ni ilé yín wà? Ilẹ̀ ni ó ń wò. Mo fi ohùn tútù bi í, mo fi ohùn líle bi í, ilẹ̀ náà ni ó ń wò. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, nítorí ọmọdé ni èmi náà nígbà náà, mo sì rò pé bí fọ́ọ̀mù bá kún tán, iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Bàbá kan wà ní ọ́fíìsì wa tí ń tọ́jú fáìlì, àgbàlagbà tí kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ àtijọ́. Bàbá yìí fi ẹ̀kọ àti àkàrà lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó jókòó tì í nílẹ̀, kò sì bi í léèrè ohunkóhun títí ó fi jẹun tán. Nígbà náà ni ó wá wí pé, "Nígbà tí o bá jí láàárọ̀ tí o kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, kí ni wọ́n máa ń pè ọ́?" Ọmọ náà gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Àkànní." Bí ó ti dárúkọ yìí tán, ẹnu rẹ̀ ṣí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń kì í, ó ń gbé ìdajì mì, ó ń fi ìdajì sílẹ̀, bí ọmọdé ti í ka ohun tó mọ̀ lórí tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Láàárín rẹ̀ ni Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjàkadì, ó sì fọwọ́ lu itan rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ nínú àwa Yorùbá pé ìjàkadì ni ohun tí ará Ọ̀fà fi ń yangàn? Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ọ̀fà pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ará Ọ̀fà tí a bí sí Ìbàdàn sì wà. Nítorí náà ni Bàbá tún fi bi í pé kí ni ó máa ń gbọ́ lóru bí ó bá dùbúlẹ̀ nílé. Ọmọ náà ní rélùwéè ni, pé ó máa ń mi ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ojú irin tó gba Ìbàdàn kọjá a máa gba Òṣogbo, a sì máa gba Ọ̀fà kó tó dé Ìlọrin.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé oríkì kì í ṣe ohun ẹ̀yẹ lásán. Ohun tí ìyá àgbà kan fi ń ta ọmọ-ọmọ rẹ̀ jí láràárọ̀ ni ó di àmì tí a fi mọ ọ̀nà ilé. Láti ọjọ́ náà, kí n tó bi ọmọ kankan ní orúkọ bàbá rẹ̀, oríkì rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í, bó bá sì sọ ọ́, Àjàní ni tàbí Àbẹ̀kẹ́, òun náà ni n ó máa fi pè é títí ọ̀rọ̀ wa yóò fi tán. Ọmọ tó bá sì wí fún mi pé òun kò ní oríkì, n kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Mo máa ń wò ó dáadáa, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

A kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Kwara, nígbà tó sì yá, èmi àti Bàbá mú ọmọ náà lọ sí Ọ̀fà. A bá ìyá àgbà náà. Kò sí ẹni tó jí ọmọ gbé: ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi fà á lé ìbátan kan lọ́wọ́, ẹni tó ṣèlérí pé òun yóò fi í sí ilé-ìwé ní Ìbàdàn, tó sì jẹ́ pé igbá ọ̀sàn ni ó gbé lé e lórí kó máa kiri. Ìyá ọmọ ti kú, bàbá rẹ̀ ti wá iṣẹ́ lọ sí òkè Ọya, kò sì ránṣẹ́ sílé mọ́. Nígbà tí ìyà pọ̀ fún ọmọ náà, ó sá lọ sí Dùgbẹ̀, nítorí lójú tirẹ̀, ọkọ̀ tó gbé òun wá ni yóò gbé òun padà. Inú bí mi sí ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ sì ti dé ètè mi, nígbà tí Bàbá fa aṣọ mi lẹ́yìn, tó sì sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ọmọ mi, bí o bá bú màmá àgbà yìí lónìí, ta ni yóò sin ọmọ lọ sí ilé-ìwé lọ́la?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ mi mì. A lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé, a kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a sọ ohun tí ojú ọmọ ti rí láìdárúkọ ẹni tó ṣe é. Baálé kò wí nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ pe àwọn ará ilé, wọ́n sì ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi tan àtùpà. Arákùnrin kan tí ń ránṣọ gba aṣọ àti ìwé rẹ̀ lọ́rùn. Ìyàwó ilé kan tí ń dín àkàrà ní òun kò ní owó, ṣùgbọ́n pé ọmọ náà kò ní jáde láàárọ̀ láìfẹnu kan nǹkan. Ìyàwó ilé mìíràn ní kó máa wá sùn lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tirẹ̀, nítorí yàrá ìyá àgbà ń jò. Baálé fúnra rẹ̀ ní òun yóò máa béèrè rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ka sí i, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ìlú náà sì ń yà wò wọ́n fún ọdún méjì. Àwọn baba wa wí pé ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ọ̀fà ni mo ti fi ojú ara mi ka àwọn ojú náà. Àti pé ojú wọ̀nyẹn wà nílé tẹ́lẹ̀ kí ọmọ tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n kàn nílò ẹni tí yóò wá jókòó láàárín wọn, tí yóò sì pè wọ́n jọ ni.

N kò ní jẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ọ̀nà mi ni ó gún bẹ́ẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, obìnrin kan wá sọ fún wa pé aládùúgbò òun da òróró gbígbóná sí ọmọ rẹ̀ lára. Mo lọ, mo rí ọmọ náà, ọmọ ọdún kan ààbọ̀, ara rẹ̀ bó láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́. Mo bi ìyá rẹ̀ léèrè, ẹkún kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, mo sì ka ẹkún yẹn sí ìjẹ́wọ́. Ní ọjọ́ náà gan-an ni mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀ tán, mo fi í sí ilé ìtọ́jú ọmọ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí n tó padà lọ bi àwọn ará ilé náà léèrè bó ti yẹ, tí mo wá gbọ́ pé aláàkàrà ni obìnrin náà, pé ọmọ ni ó fa agbada dànù ní ìdájí, àti pé òun àti ẹni tó fẹjọ́ sùn ti ń bá ara wọn jà lórí omi ẹ̀rọ láti ọjọ́ pípẹ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà ènìyàn: òwe tí mo mọ̀ kí n tó mọ ìwé kà ni. Nígbà tí mo gbé ọmọ padà fún ìyá rẹ̀, ọmọ náà kò dá a mọ̀. Ó dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ń ké. Ìyá rẹ̀ kò bú mi. Ó já ọwọ́ ọmọ kúrò lọ́rùn mi díẹ̀díẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó sì wọlé lọ. Ojú obìnrin yẹn kò kúrò níwájú mi títí di òní.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ èyí kó sọ ara rẹ̀ di ojo. Ilé wà tí ọmọ kò gbọ́dọ̀ sùn sí mọ́ ní alẹ́ ọjọ́ tí a dé ibẹ̀. Mo ti gbé ọmọ jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọlọ́pàá lẹ́yìn mi àti èpè lórí mi, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ rí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ kúrò nílé gbọ́dọ̀ mọ ilé náà ju ẹni tó fẹ́ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ní Èkó, ní àwọn ọdún 1940, nígbà tí ìjọba amúnisìn fi Donald Faulkner ṣe olórí rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin tí ń sùn ní ọjà àti ní gáréèjì ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ; wọ́n ṣe òfin ọmọdé ní ọdún 1943, wọ́n sì dá kóòtù àwọn ọmọdé sílẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ ribiribi, ṣùgbọ́n ìgboro ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, láti ẹ̀yìn, níbi tí nǹkan ti bàjẹ́ tán. Àwọn oníṣègùn ni mo kà sí ẹni tó mú ọ̀rọ̀ náà padà wá sílé. Nígbà tí Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, kò ti aláìsàn ọpọlọ mọ́ inú ilé ìwòsàn. Abúlé tó yí Arò ká ni ó wọ̀ wọ́n sí, ará ilé aláìsàn sì ní láti bá a wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó sì máa bá a gbé. Nígbà tí David Morley dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní ọdún 1956, tó sì ń tọpa ìdàgbàsókè àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ṣe káàdì kan tí a fi ń sàmì sí ìwọ̀n ọmọ lóṣooṣù, tó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá dẹ́kun dídàgbà, ìlà orí káàdì yóò ti sọ ọ́ kí ojú tó rí i. Ìyá ọmọ ni ó sì gbé káàdì náà lé lọ́wọ́ láti máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò kárí ayé báyìí. Bí mo bá rí ìyá tó tú u jáde láti inú ọ̀rá ní ilé ìwòsàn, orí mi a máa wú, nítorí Ìmẹ̀sí-Ilé ni.

Ẹ má sì rò pé mo ń fi àtijọ́ bo àléébù mọ́lẹ̀. Àwọn baba wa kan náà tó ní igba ojú ń wo ọmọ ni wọ́n fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè, mo sì ti jókòó ti ọmọ ọ̀dọ̀ púpọ̀ tó fi jẹ́ pé, nígbà mìíràn, n kò rí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ju pé ẹnì kan ń gba owó oṣù rẹ̀ fún òbí. Lílé ọmọ náà padà sí abúlé kò tíì tó. A ní láti béèrè ohun tó mú kí ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀, nítorí bí ìdí yẹn bá wà níbẹ̀, kí oṣù tó parí, ọmọ mìíràn nínú ilé náà yóò tún wọkọ̀.

Òfin ti wà báyìí ju ti ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ lọ. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé ní ọdún 1989, Nàìjíríà gbà á ní ọdún 1991, òfin tiwa sì jáde ní ọdún 2003, tó wí pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún, ọmọdé ni, àti pé ire ọmọ ni kó ṣáájú nínú ohunkóhun tí a bá fẹ́ ṣe nípa rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá náà sì ti ṣe tiwọn. Ó tọ́ kí ẹni tó wọ iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n lámọ̀dunjú. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Nsukka, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a máa rán ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lọ sí ilé onílé mọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí ìwé kò lè kọ́ni tán. Kí o lè pa àṣírí mọ́: kí o rí obìnrin tó sọkún níwájú rẹ lánàá ní ọjà, kí o sì kí i bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Kí o lè kọ ìwé bó ti yẹ: ohun tí ojú rẹ rí, kọ ọ́, ohun tí o gbọ́, kọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ohun tí o rò nínú ara rẹ, má ṣe dà á pọ̀ mọ́ wọn, nítorí jáájì yóò ka fáìlì náà, ọmọ yóò sì jìyà ohun tí o rò. Kí o lè dúró. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ tọkọtaya tó wá bá wa ni ọ̀rọ̀ wọn ti ń mì lọ sí kóòtù, ìwọ ni yóò sì máa dá wọn dúró lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí bàbá ṣáà lè máa mú owó oúnjẹ ọmọ wá, kí ìyá ṣáà lè máa jẹ́ kó rí ọmọ. Owó oṣù kò pọ̀. Owó ọkọ̀ tí o fi wá ilé kiri, àpò ara rẹ ni yóò ti jáde nígbà púpọ̀. Wọn yóò gégùn-ún fún ọ. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn ogún ọdún, ọkùnrin kan yóò dọ̀bálẹ̀ fún ọ ní ìta gbangba, o kò sì ní dá a mọ̀ títí yóò fi sọ oríkì rẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ọmọbìnrin náà títí ilẹ̀ fi ṣú, ohun tí mo ní kó ṣe sì ni mo ń sọ fún ìwọ òǹkàwé tí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́kàn rẹ. Kí o tó gba fọ́ọ̀mù, wá ọ́fíìsì ìgbáyé-gbádùn tó sún mọ́ ọ, tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀, kí o sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà láti aago mẹ́jọ títí wọn yóò fi tilẹ̀kùn. Má ṣe bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀. Bí ìyá kan bá ní kí o bá òun gbé ọmọ dání, gbé e. Bí o bá délé ní alẹ́, tó jẹ́ pé ojú ìyá náà ń wá sí ọ lọ́kàn bíi ti ọmọ rẹ̀, wá bá wa. Àwa tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kò pọ̀ tó.